Ó tó bẹ́ẹ̀

Páálí ni ọ̀gá mi fi ń yẹ ọ̀kadà wò. Kí oníbàárà tó ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, ọ̀gá á ti ṣẹ́jú sí mi, èmi náà á ti sáré gbé páálí Indomie tí a tú sílẹ̀ pẹrẹsẹ, màá tì í sábẹ́ ẹ́ńjìnì. Oníbàárà á jókòó sórí bẹ́ńṣì, á ra omi inú ọ̀rá, á máa ròyìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó há a mọ́ ibùdókọ̀ Sẹ́lẹ̀ láàárọ̀. Tó bá tó ogún ìṣẹ́jú, ọ̀gá á fa páálí yọ, á gbé e sókè sí oòrùn bíi dókítà tó ń wo fọ́tò eegun.

Bẹntiróòlù kì í pẹ́ lórí páálí. Á gbẹ, á sì fi òórùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọ́ìlì ní tirẹ̀ kì í lọ. Ibi tó bá kán sí náà ni wàá bá a, dúdú bíi tìróò.

"Ẹ̀kán mẹ́rin," ọ̀gá á wí. "Ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀kán mẹ́rin, orí ìdúró sì nìyẹn o. Tó bá wá ń sáré lọ sí Ìkòròdú ńkọ́?"

Ọdún 2017 ni mo di ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá ní Ìsọlọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó máa ń pàtẹ aṣọ bọ́síkọ̀rọ̀ lọ́jà Aswani ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ló mú mi lọ bá wọn. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló júwe ọ̀gá fún wọn pé ọ̀gá kì í purọ́ páátì. A kọ ìwé àdéhùn: ọdún mẹ́ta, owó ìkọ́ṣẹ́ ní ìdajì nísinsìnyí àti ìdajì tó bá yá. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní ògiri. Igi fúrúùtù kan ni òrùlé, agboòrùn ńlá kan tó ti ya létí ni yàrá kejì, àpótí irinṣẹ́ méjì sì ni gbogbo dúkìá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni Ìyá Olóbọ̀lì ń ta bọ̀lì. Iná èédú wọn yìí yóò ní iṣẹ́ tí yóò ṣe nínú ìtàn mi.

Ọdún kan gbáko ni mi ò fi fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì ẹnikẹ́ni. Mò ń fọ páátì, mò ń gbálẹ̀, mò ń to sípánà láti orí 8 dé orí 24. Tí ọ̀gá bá nawọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, sípánà tí wọ́n ní lọ́kàn ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́. Wọ́n tún máa ń rán mi lọ ra páátì ní Ládípọ̀, tàbí kí n lọ jíṣẹ́ fún oníbàárà kan ní Òṣòdì. Nígbà náà, gbogbo Òṣòdì ni wọ́n gbẹ́ síta, nítorí wọ́n ń kọ́ ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta tí Ààrẹ Buhari wá ṣí ní oṣù Kẹrin ọdún 2019. Eruku gba ojú, ọkọ̀ kò lè lọ, ọ̀kadà nìkan ló ń rí àyè yọ́ kọjá. Ohun tó ń pa àwọn èrò lẹ́kún ló ń fún wa ní iṣẹ́: ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú eruku láti òwúrọ̀ dalẹ́ kò ní í ṣàì wá sábẹ́ igi fúrúùtù.

Àwọn ọ̀kadà náà ní orúkọ lóríṣiríṣi lára, ṣùgbọ́n inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yàtọ̀ síra. Yàtọ̀ sí Bajaj àti TVS tó wá láti Íńdíà, ọmọ bàbá kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: CG125 tí Honda ará Japan gbé jáde ní àárín àwọn ọdún 1970, tí àwọn ará Ṣáínà sì wá ń ṣe àwòkọ rẹ̀ títí tí ó fi kún ilẹ̀ wa. Ọ̀gá fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì yìí ti mọ̀ wá tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé a ò ní í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Honda dìídì ṣe é fún àwọn ìlú tí wọ́n ti ń lo alùpùpù ní ìlò ẹrú, tí ẹni tó ń gùn ún kì í sì rántí àtúnṣe àfi tó bá kú sọ́nà. Ẹ́ńjìnì onísùúrù ni.

Àmọ́ sùúrù rẹ̀ kò ju lítà kan lọ. Ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi lítà kan yẹn náà. Mọ́tò tó gba lítà mẹ́rin lè máa jò díẹ̀díẹ̀ kí ó ṣì délé; ọ̀kadà kò ní ohun tó ń jẹ́ ìṣẹ́kù. Ọ́ìlì kan náà yìí ni písítìnì ń mu, òun ni jíà ń mu, òun náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń mu. Tó bá jò dà nù, gbogbo ilé ni òǹgbẹ ń gbẹ. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹ̀yìn ni atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ̀kán náà sí, táyà ẹ̀yìn ló sì wà níbẹ̀. Ọlọ́kadà á tẹ bíréèkì ní kọ́nà, táyà á yọ̀ bí ẹni tó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà jáde nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ohun tó dí i ni à ń pè ní nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnì. Bóòtù ni, kì í ṣe nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní bóòtù ní Ìsọlọ̀, a ó mọ̀ pé àlejò ni. Èyí tí mò ń sọ yìí, sípánà 17 ló ń gba orí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì nípọn tó mílímítà 12. Irin ni òun fúnra rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni ilé tó ń wọ̀. Irin líle nínú ihò tó rọ̀: ẹ bá mi fi ìyẹn pamọ́ ná.

Ní ọdún 2018, ọ̀gá lọ síbi ìkómọjáde kan ní Máfọlúkù, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí n má ṣe fọwọ́ kan nǹkan kan. Bàbá kan dé, ọmọ Ìwó, tó ti ń gun ọ̀kadà láti ìgbà tí mi ò tíì lè sáré. Wọ́n ní ọ́ìlì ń kán, wọn ò sì lè dúró de ọ̀gá, nítorí wọ́n ṣì ń san owó ọ̀kadà náà díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tó rà á fún wọn.

"Ọmọ mi, ṣé o ò lè fún un díẹ̀ ni?"

Ta ni yóò sọ pé òun ò lè fún nọ́ọ̀tì? Mo sùn sílẹ̀, mo fi 17 sí i, mo fún un. Mo nù ún, mo dúró. Ẹ̀kán kan tún kóra jọ sí ìdí nọ́ọ̀tì, ó sanra, ó já. Mo tún un fún. Ó tún já. Mo bá dìde, mo wá páìpù kan tí ọ̀gá fi ń tú nọ́ọ̀tì tó bá ti dípẹtà, mo kì í bọ ìdí sípánà kí ó lè gùn, mo wá fi gbogbo àyà tẹ̀ ẹ́.

Ó le. Ó tún le sí i. Ó le débi tí mo fi rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójijì, ó rọ̀.

Ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí kò lè mọ bí ọwọ́ ṣe ń gbọ́ ìròyìn burúkú ṣáájú etí. Sípánà ń yí, kò sì mú nǹkan kan mọ́. Tí mo bá yí i lọ, ó ń lọ. Tí mo bá yí i bọ̀, ó ń bọ̀. Ọ́ìlì tó ń kán tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tìnrín bí okùn. Mo fa nọ́ọ̀tì náà, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí eyín ọmọdé. Tírẹ́ẹ̀dì inú alumíníọ̀mù ti já kúrò lára ihò, ó wé mọ́ irin yíká bí òwú fàdákà.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bàbá ńlá ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì rí tírẹ́ẹ̀dì. Ti tírẹ́ẹ̀dì yàtọ̀: èyí tí a bá fagbára mú níbẹ̀, rírọ̀ ní í rọ̀.

Ọ̀gá dé, wọ́n bá mi lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n bá Bàbá lórí bẹ́ńṣì, wọ́n bá ọ́ìlì nílẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìgbátí. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n gba nọ́ọ̀tì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń yí i wò.

"Kí ló ń jò?"

"Nọ́ọ̀tì ni, ọ̀gá."

"Mo ní, kí ló ń jò?"

Mi ò mọ ohun tí wọ́n tún fẹ́ kí n sọ.

"Wáṣà rẹ̀ dà?"

Mo wo nọ́ọ̀tì. Mo wo ilẹ̀. Mo wo inú ọ́ìlì. Kò sí wáṣà kankan. Ẹni tó pààrọ̀ ọ́ìlì náà kẹ́yìn, níbikíbi tó wà, ti jẹ́ kó bọ́ sínú báfù ọ́ìlì rẹ̀, ó sì dá nọ́ọ̀tì nìkan padà. Wáṣà tí owó rẹ̀ kò tó ti gúgúrú.

"Gbọ́," ọ̀gá wí. "Nọ́ọ̀tì kì í dí ọ́ìlì. Wáṣà ní í dí i. Iṣẹ́ nọ́ọ̀tì ni kó di wáṣà mú. Tó bá jẹ́ pé wáṣà ni kò sí, kódà tí o bá pe àwọn ọmọ ogun wá fún nọ́ọ̀tì, yóò máa jò."

Bàbá dábàá gọ́ọ̀mù 4 Minutes, kí wọ́n ṣáà lè rí iṣẹ́ ọjọ́ náà ṣe. Ọ̀gá mirí. Gọ́ọ̀mù lè gbé e dé alẹ́, kódà ó lè gbé e dé oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ́ìlì bá tún dọ̀tí, ta ni yóò ṣí i? A tú ẹ́ńjìnì sílẹ̀, a gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́ọ̀nà ní òpópónà kejì. Owó rẹ̀ àti owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì tó fo Bàbá, àpò ọ̀gá ló ti jáde. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò béèrè owó oúnjẹ, wọn ò sì fún mi.

Lọ́dọ̀ tọ́ọ̀nà ni mo ti rí i pé ẹ̀sọ̀ ní bó ṣe ń dún. Ihò 12 ti bàjẹ́, nítorí náà yóò fẹ̀ ẹ́ di 14, yóò sì gé tírẹ́ẹ̀dì tuntun sí i. Ó fi gíríìsì kun irin tí wọ́n fi ń gé e, kí ẹ̀rún alumíníọ̀mù lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó má bàa já sínú ẹ́ńjìnì. Ó yí i síwájú ní ìdajì, ó dá a padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ̀rún tó gé lè já, ó tún yí i síwájú. Ìdajì síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn. Kò yára, kò dúró. Ìgbà tó yá, ó ń ṣe "rẹ́kẹ́, rẹ́kẹ́" bí ẹni tó ń jẹ àgbàdo sísun. Nígbà tó parí, a da kẹrosíìnì sínú ẹ́ńjìnì, a mì ín, a dà á nù lẹ́ẹ̀mẹta títí tí kò fi sí ohun tó ń dán nínú rẹ̀ mọ́. Tọ́ọ̀nà fún wa ní nọ́ọ̀tì tuntun tí orí rẹ̀ gba sípánà 19.

Ó wá ku wáṣà. Kò sí ti 14 nínú agolo wa àfi ọ̀kan péré, wáṣà bàbà tí wọ́n yọ lára páìpù bíréèkì ọkọ̀ ńlá kan. Ó ti le, ojú rẹ̀ kò sì jọ̀lọ̀ mọ́. Ọ̀gá fi ẹ̀mú gbé e, wọ́n lọ bá Ìyá Olóbọ̀lì.

"Ẹ bá mi sun èyí pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín."

Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ iná sí i. Wáṣà náà pọ́n roro láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì. Ọ̀gá kì í bọ omi, ó ṣe ṣìììì, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa irin sọ fún mi pé yóò ti le sí i. Bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń ṣe àdá náà nìyẹn: á fi iná sí i, á kì í bọ omi, á le. Mo tẹ wáṣà náà láàárín ìka méjì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀. Bàbà kò bá irin ṣe. Iná tó ń mú kí irin le ni bàbà fi ń rọ̀. Bó bá sì ti rọ̀ ni yóò lè tẹ́, kí ó wọnú gbogbo ibi gbágungbàgun tó wà láàárín nọ́ọ̀tì àti ilé rẹ̀. Bí aṣọ ìnura ló rí. Èyí tó bá le gbagidi kì í fa omi.

Nígbà tó kan fífún, ọ̀gá ní kí n wá. Mo di ìdí sípánà mú. Wọ́n ṣí ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀, wọ́n sún un sókè títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan nọ́ọ̀tì. "Ọwọ́ tó wà ní ìdí sípánà ń ṣe agídí. Ọwọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ń gbọ́ràn." Wọ́n ní kí n fi ìka lásán wé nọ́ọ̀tì náà wọlé ná, nítorí tírẹ́ẹ̀dì tí ìka kò bá lè wé, ó ti wọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni sípánà. Ó yí, ó yí, ó gúnlẹ̀. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. A jọ yí i síwájú sí i díẹ̀, mo sì gbọ́ bí bàbà ṣe ń tẹ̀ nísàlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn tútù. Mo fẹ́ tún un yí.

"Ó tó bẹ́ẹ̀."

Mo gbọ́ pé sípánà kan wà lókè òkun tó jẹ́ pé tí agbára bá ti tó, á dún "kẹ̀" láti kìlọ̀ fún olúwa rẹ̀. Ọ̀gá ti rí i rí. Wọ́n ní ọrùn ọwọ́ àwọn ni tàwọn ti ń dún. Kí tèmi náà lè máa dún, wọ́n gbé òkú ẹ́ńjìnì kan lé mi lọ́wọ́. Láràárọ̀, kí n tó gbálẹ̀, màá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, màá tú u nígbà mẹ́wàá, ọ̀gá á wá fi sípánà tiwọn dán an wò. Oṣù méjì kọjá kí wọ́n tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìsọ nǹkan kan.

Ẹ̀kọ́ kejì dé ní ọdún kẹta. Ọ̀kadà kan dé, ẹ̀kán ń já láti ìdí nọ́ọ̀tì bíi ti Bàbá gẹ́lẹ́. Mo ti gbọ́n: mo mú wáṣà tuntun, mo yí i síbẹ̀, mo dúró níbi tó tó. Ó ṣì ń kán. Ọwọ́ mi ń yún mi láti fún un. Mo rántí páìpù, mo bá lọ pe ọ̀gá.

Wọ́n ní kí n fi Omo fọ gbogbo ẹ́ńjìnì náà mọ́ tónítóní, kí n nù ún gbẹ, kí n wá lọ ra páúdà ọmọdé. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. A bu páúdà náà sára ẹ́ńjìnì títí tó fi dà bí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. A tan án, a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlà dúdú kan wá yọ lára páúdà funfun, kì í ṣe ní ìdí nọ́ọ̀tì o, ìdí irin tí ẹsẹ̀ fi ń yí jíà ni. Síìlì ibẹ̀ ti gbó. Ọ́ìlì ń jáde láti òkè, ó ń yọ́ wá sísàlẹ̀, ó sì ń ti ara nọ́ọ̀tì já bọ́ nítorí pé ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù. Ká ní ọdún tó kọjá ni, nọ́ọ̀tì aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ ni ǹ bá tún pa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí a bá tú jáde. Kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù là ń pè é. Ọ̀gá kò gbà kí ẹnikẹ́ni dà á sí gọ́tà. Wọ́n ní gọ́tà tó wà níwájú wa ń lọ sí kánáàlì, kánáàlì sì ń kọjá láàárín àwọn èèyàn. Kẹ́ẹ̀gì là ń rọ ọ́ sí. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù máa ń wá rà á láti fi kun mọ́ọ̀dù wọn, káfíńtà máa ń rà á nítorí ìkán.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní Èkó. Wọn ò dárúkọ tiwa, torí náà ṣe ni àwọn ọlọ́kadà ń wọ́ wá sọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni Kòrónà ti gbogbo ìlú mọ́lé, fírídọ̀mù tó yẹ kí n ṣe ní ìdajì ọdún di ìparí ọdún. A pa adìẹ, wọ́n gbàdúrà, ọ̀gá fún mi ní àpótí sípánà kan. Mi ò kúrò lọ́dọ̀ wọn. A jọ ń ṣe é ni. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ìjọba kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, òfin náà yóò dé Kósọ́fẹ́, Ṣómólú, Múṣin àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Lónìí, àwọn tó ń fi ọ̀kadà jíṣẹ́ ọjà àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ 2022 yẹn ni Bàbá ọmọ Ìwó tún dé. Wọ́n ti san owó ọ̀kadà náà tán tipẹ́. Wọ́n ní àwọn ń gbé e lọ sí Ìwó, kí a bá àwọn pààrọ̀ ọ́ìlì kí àwọn tó wá ọkọ̀ tí yóò gbé e. Ọ̀gá kò dìde. Wọ́n kàn fi ẹnu júwe mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnì, mo nawọ́ sẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ wa tuntun fi sípánà 17 sí i.

"19," mo wí.

"Ọ̀gá, CG ni o. 17 ni."

"Kì í ṣe ti èyí."

Ọmọ náà wo Bàbá bí ẹni pé kí wọ́n gbè é. Bàbá bojú wo ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n.

Mo tú u, ọ́ìlì dúdú dà sínú báfù tán. Mo mú wáṣà bàbà rẹ̀ lọ bá Ìyá Olóbọ̀lì, ó pọ́n, mo rì í sínú omi. Mo fi ìka wé nọ́ọ̀tì wọlé, mo di sípánà mú lọ́rùn, mo dúró níbi tó tó. A rọ ọ́ìlì tuntun, a tan ẹ́ńjìnì, a pa á, ọmọ iṣẹ́ ti páálí sábẹ́ rẹ̀.

Bàbá kò jẹ́ kí ọ̀gá fa páálí náà. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú pé, àwọn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fà á yọ, wọ́n gbé e sí oòrùn, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n tún yí ojú rẹ̀ wò. Wọ́n wá ká a sí méjì, wọ́n fi rọ́bà dè é mọ́ kárìà. Wọ́n ní àwọn á fi jókòó ní Òṣòdì títí ọkọ̀ á fi kún.